Ìlù Tó Wà ní Etí Òsì

Ọmọbìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ṣètò orin fún àwọn tó ń sáré. Kì í ṣe akọrin, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í sáré. Bó bá sáré dé ẹnu ọ̀nà, àfi kó jẹ́ pé òjò ń bọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ló ń ṣe aago ọwọ́ kan tó máa ń mọ bí ọkàn ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń lù àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yá tó, tí á sì máa fi orin tó bá eré náà mu sí i létí láti inú íápíìsì. Bí ẹni náà bá rọra, orin á rọra. Bó bá ki eré mọ́lẹ̀, orin náà á ki eré mọ́lẹ̀. Nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí ti máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí á tú orin palẹ̀, tí á gbé ìlù sí apá kan, tí á gbé gìtá sí apá kejì, tí á sì tún wá dì wọ́n pọ̀ bí ẹni ń di irun. Olórin ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè é. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní "ọmọ mi tí kò fẹ́ lọ́kọ."

Ó ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún. Ọkùnrin ti wá, ọkùnrin ti lọ. Kò sí èyí tó ṣe é níbi, kò sì sí èyí tó dùn ún nígbà tó lọ.

Kí wọ́n tó gbé aago náà jáde fún títà, ilé-iṣẹ́ wá àwọn asáré díẹ̀ tí yóò máa wọ̀ ọ́ sáré, tí wọ́n á sì máa wá sọ bó ṣe rí lára wọn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pé jọ, ìyìn ló ń rọ̀ bí òjò. Ẹni kan ní ẹsẹ̀ òun fúyẹ́, òmíràn ní òun ò mọ ìgbà tí òun parí eré. Ó wá kan ọkùnrin gíga kan tó jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ẹ̀kọ́ nípa òkè àti odò ni. Tíṣà ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ má bínú o," ló wí. "Orin yín dùn, àmọ́ kò ní ìlù. Gìtá á kàn máa dún ṣín-ín-ṣín-ín, ẹsẹ̀ ò sì ní rí ohun tó máa tẹ̀ lé."

Inú Olórin ru. Ìlù tí òun fi odindi ọ̀sẹ̀ kan tún ṣe!

"Sà," ó ní, "ṣé ẹ fọ etí yín láàárọ̀ yìí?"

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá. Ọkùnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ kan etí rẹ̀ òsì.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Olórin. Bí a bá sọ fún alásè pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀, á fẹ́ tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀. Ní Sátidé, ó gba pápá ìṣeré tí àwọn asáré náà máa ń lò lọ. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi àjèjì fún un, nítorí àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́nu géètì, níbi tó ti ń ta bàtà eré ìdárayá, tó sì ń bá àwọn asáré tọ́jú ẹrù wọn. Àǹtí ni gbogbo wọn ń pè é, àtẹni tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí.

Tíṣà ti wà lórí pápá. Olórin sáré gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bá a pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀. Ó rí i pé íápíìsì kan ṣoṣo ló wà létí rẹ̀, ní apá ọ̀tún.

"Ìkejì dà?"

"Ó máa ń já bọ́," Tíṣà dáhùn, ó sì yára yí ọ̀rọ̀ náà padà. "Ẹ̀yin náà, ṣé bàtà yẹn lẹ fẹ́ fi sáré ni àbí ẹ fẹ́ fi kan ìṣó?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Olórin wá ní Sátidé kejì, ó wá ní ẹ̀kẹta. Ó ra bàtà lọ́wọ́ Àǹtí. Tíṣà kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń mí tí ìhà kò fi ní máa gún un, ó sì ń sọ fún un nípa àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n máa ń ya odò kí ó máa ṣàn gun òkè lọ. Ọkùnrin náà ní sùúrù. Bí wọ́n bá jọ ń rìn, á rọra yí sí apá òsì Olórin kó lè jẹ́ pé ọ̀tún rẹ̀ ni obìnrin náà máa wà. Olórin rò pé ìwà ọmọlúwàbí ni.

Ní Sátidé kan, wọ́n ń sáré yí kọ́nà pápá, Olórin bá ara rẹ̀ ní apá òsì Tíṣà. Ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu láti ọjọ́ yìí bọ́ jáde. Kò wo ojú rẹ̀, iwájú ló ń wò.

"Ṣé ẹ ní ìyàwó nílé?"

Olórin yíjú wò ó. Tíṣà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Olórin gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun tí ẹ ò purọ́ fún mi."

Tíṣà tún mi orí.

Olórin sáré parí, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì lọ sílé. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìpàdé àwọn asáré tún pé, ó ní orí ń fọ́ òun. Ó fi bàtà tuntun náà sábẹ́ ibùsùn, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé, ṣebí òun lòun lọ bi í, ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ló fẹ́ gbọ́ ọ.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí Àǹtí tó pè é lórí fóònù.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni Tíṣà ṣe fún ọ? Kò sí Sátidé tí kì í béèrè rẹ lọ́wọ́ mi. Ó ti rọ̀ bí ewé tí oòrùn pa."

"Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀. Ọkùnrin oníyàwó ni."

"Ìyàwó wo? Ọkùnrin tó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀, tó ń sá a sórí fẹ́ǹsì ṣọ́ọ̀bù mi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni."

"Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

"Ó mi orí."

"Apá wo lo wà nígbà tó o bi í?"

"Àǹtí, kí ni apá ní í ṣe pẹ̀lú—"

"Mo bi ọ́ ní ọ̀rọ̀!"

"Apá òsì."

Ẹ̀rín tí Àǹtí bú sí pọ̀ débi pé Olórin gbọ́ tí nǹkan ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù. "Etí òsì Tíṣà ti kú láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé! Bó o bá ní kó fún ọ ní orí rẹ̀, á mi orí náà fún ọ!"

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Olórin bá Tíṣà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sí ọ̀tún rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Tíṣà mọ ohun tó ń sọ. Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ó máa ń rẹ̀ mí láti sọ ọ́. Bí mo bá ti sọ ọ́, àwọn kan á máa pariwo mọ́ mi bí ẹni ń lé ewúrẹ́, àwọn mìíràn ò sì ní bá mi sọ nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, bí mi ò bá gbọ́, màá mi orí. Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni náà ni ìdáhùn tó yẹ."

"Lọ́jọ́ yẹn kọ́ o."

"Kí lẹ bi mí lọ́jọ́ yẹn gan-an?"

Olórin sọ fún un. Ẹnu Tíṣà là, kò lè pa á dé. "Mo rò pé ẹ ní ká dín eré kù ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ibi tí Olórin ti ń nu ojú ló ti dákẹ́ lójijì. "Ìlù náà! Etí òsì ni mo gbé gbogbo ìlù sí!"

Nígbà tó padà dé ibi iṣẹ́, ó tú orin náà, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sí etí kan. Tíṣà fi yí pápá ní ìgbà kan, ó sì padà wá dúró níwájú rẹ̀. "Ó ní ìlù," ló wí, kò sì lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn.

Ọdún kan yí po. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn kan náà ni Tíṣà ti sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, àmọ́ kó tó béèrè, ó ní, "Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ. Dókítà ní etí tó kù yìí náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó lọ tán, ó lè má pẹ́. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní báyìí, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Olórin ti ń retí ìbéèrè náà láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ ó dìde. "Jẹ́ kí n bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀," ló wí. Nígbà tó ń lọ, ó rí i pé ọkùnrin náà kò dìde.

Nílé, ìyá rẹ̀ ń gé aṣọ fún oníbàárà kan lórí tábìlì oúnjẹ. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìdí ẹ̀rọ ńlá tó ń lu irin ni ọkùnrin náà ti lo ayé rẹ̀ nílé-iṣẹ́ kan, ẹ̀rọ náà sì ti gba etí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo èèyàn. Kò sí ohun tí wọ́n ń bi í mọ́ nínú ilé.

Ìyá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Rárá."

"Mọ́mì, ẹ ò tíì rí i."

"Mo ti rí i. Òun ló jókòó sórí àga yẹn." Ó nawọ́ sí bàbá. "Kò sí ohun tó burú lọ́wọ́ bàbá rẹ. Kò lù mí rí, kò bú mi rí. Àmọ́ ìwọ ò mọ bó ṣe ń rí, kí èèyàn rí nǹkan apanilẹ́rìn-ín lọ́jà, kó máa kó ẹ̀rín bọ̀ wálé, kó wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Mo lọ́kọ, mo sì ń dá nìkan sọ̀rọ̀. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Mi ò ní fi bàtà yìí sílẹ̀ ní ogún fún ọ."

Bàbá wò wọ́n láti orí àga rẹ̀, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín.

Olórin kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ohun tó ń dùn ún ni pé, nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó dà bí ẹni pé wọ́n bá a sọ ẹrù kalẹ̀ lórí. Ní ibi iṣẹ́, ó yọ íápíìsì kan, ó gbọ́ orin rẹ̀ ní ààbọ̀. Ó yọ ìkejì, ó ń wo àwọn ìlà orin náà bí wọ́n ṣe ń sáré kọjá lójú kọ̀ǹpútà láìsí ohùn kankan. Ó pa iná yàrá, ó sì jáde síta.

Láàárín àkókò náà, Ẹ̀ńjiníà tó ń ṣe aago náà ti rí ọgbọ́n tuntun dá sí i: aago á máa ta ọwọ́ ẹni pẹ́pẹ́pẹ́ ní ìbámu pẹ̀lú ìlù orin. Olórin sáré gbé e lọ bá Tíṣà ní kíláàsì rẹ̀ bí àwọn ọmọ ṣe ń jáde. Tíṣà so ó mọ́ ọwọ́, ó yọ íápíìsì, ó dijú, ó dúró síbẹ̀ títí orin náà fi parí.

"Ó ṣeé sáré sí," ló wí. "Ẹsẹ̀ á rí nǹkan tẹ̀ lé. Àmọ́ màá parọ́ fún ọ bí mo bá pè é ní orin. Ó dà bí ìgbà tí aládùúgbò ẹni ń jó lẹ́yìn ògiri."

Olórin ti fẹ́ kí Tíṣà sọ pé ó tó. Ó gba aago náà padà, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun.

Àǹtí ló rí i pé bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò bu. Ó lọ bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ má fọmọ fún un o, mi ò ní kí ẹ fọmọ fún un. Ẹ jẹ́ kó jókòó nílé yín kó mu tíì. Ṣé tíì náà ní etí ni?" Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó fi àwàdà kún un, ìyá sì gbà pé kó wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Tíṣà dé, ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, ó kí ìyá. Ìyá ti ní nǹkan tirẹ̀ lọ́kàn. Ó gbé àga rẹ̀ sí apá òsì àlejò, ó da tíì sínú kọ́ọ̀bù, bó sì ṣe ń gbé e fún un, ó sọ̀rọ̀ kan wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń bá kọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀.

Tíṣà yí gbogbo ara rẹ̀ padà. "Mà, mi ò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí."

Ìyá tún un wí, kò sì gbé ohùn sókè rárá.

"Mi ò tíì gbọ́, mà. Ẹ má bínú." Ojú ń tì í, gbogbo yàrá rí i pé ojú ń tì í, òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Olórin fẹ́ bá a dáhùn, Àǹtí tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tíṣà gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó dìde, ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá kó lè máa wo ẹnu rẹ̀. "Lẹ́ẹ̀kan sí i, mà."

"Mo ní," ìyá wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà díẹ̀, "kí lo máa ṣe lọ́jọ́ tí o ò bá gbọ́ ohùn ọmọ mi mọ́?"

"Màá ní kó tún un wí bí mo ṣe ń sọ fún yín yìí. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe mọ́, á fọwọ́ sọ ọ́. Mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ àwọn adití kan, ọmọ yín náà á kọ́ ọ bó bá fẹ́. Mà, ìgbà kan wà tí mo mi orí fún ọmọ yín lórí ohun tí mi ò gbọ́, oṣù mẹ́rin ni mi ò fi fojú kàn án. Ojú lè tì mí. Àmọ́ mi ò ní ṣe bí ẹni tó gbọ́ mọ́."

Ìyá dìde lọ síwájú àga ọkọ rẹ̀, ó tẹ̀ ba kí ojú wọn lè ko ara.

"Kí ni ọmọkùnrin yìí sọ?"

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí.

"Mo ní, kí ló sọ?"

Ẹ̀rín náà ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú bàbá. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àwọn àlejò. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, bí ohùn àwọn tí kì í gbọ́ ara wọn ṣe máa ń rí.

"Mi ò gbọ́."

"Láti ìgbà wo lo ti ń mi orí fún mi?"

Èyí, ó kà á lẹ́nu rẹ̀. "Láti ìgbà tó ti ń rẹ̀ ọ́ láti tún un wí. Mo rí i lójú rẹ pé ó ń rẹ̀ ọ́. Mo ní kí n jẹ́ kó o sinmi."

Ìyá jókòó sórí apá àga náà, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọkọ rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Nígbà tó yá, ó fi ẹnu kan etí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí Tíṣà wí fún un, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Bàbá ń béèrè, ìyá ń tún un wí. Tíì gbogbo wọn ti tutù kí ó tó sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ sí ìdáná. Ó ń fọ kọ́ọ̀bù, kò wojú rẹ̀.

"Èmi ti gbà. Ìwọ ńkọ́?"

Olórin mú kọ́ọ̀bù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé "rárá" ìyá òun ti ń bo òun bí agbòjò láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n sì ti pa agbòjò náà dé.

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ìyá wí. "Lọ bá a sọ ọ́. Má ṣe dọ́gbọ́n fún un."

Tíṣà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ bàtà. Olórin bọ́ sí ọ̀tún rẹ̀.

"Kì í ṣe ìyá mi ló ń dá mi dúró. Èmi ni. Orin nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí. Lọ́jọ́ tí o ò bá gbọ́ ọ mọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé màá di àjèjì sí ọ. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé ó máa rẹ̀ mí, bó ṣe rẹ ìyá mi."

Tíṣà ronú sí i. Kò yára tù ú nínú. "Ó máa rẹ̀ ọ́," ló wí. "Èmi náà, ó máa rẹ̀ mí. Ẹ̀rù ń ba èmi gan-an ju ìwọ lọ, torí èmi ni nǹkan náà máa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè fi nǹkan kan dá ọ lójú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, kò tíì sí ọ̀rọ̀ kan tó o sọ tí mi ò fẹ́ gbọ́, àní èyí tó o fi bú mi níwájú gbogbo èèyàn."

Olórin wo ọkùnrin náà. Okùn bàtà rẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀, kò tíì so ó. "Nígbà náà, so bàtà rẹ," ó ní, "kó o wọlé padà wá sọ fún wọn pé mo gbà."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó láàárín ọdún náà. Àwọn olùkọ́ àti àwọn asáré kún ibẹ̀, Àǹtí sì ń sọ fún ẹni gbogbo pé òun lòun so wọ́n pọ̀, òun ò sì gba ẹ̀bùn bàtà, torí bàtà lòun ń tà. Etí Tíṣà lọ bí dókítà ṣe sọ. Ohùn fèrè ló kọ́kọ́ lọ, gìtá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohùn àwọn ọmọ kíláàsì tó jókòó sẹ́yìn. Olórin kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó máa ń rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, tí á wọ balùwẹ̀, tí á ti ilẹ̀kùn, tí á mí kanlẹ̀, kó tó jáde wá tún ọ̀rọ̀ náà wí. Ọjọ́ mìíràn wà tí Tíṣà máa ń bínú sí gbogbo ayé, tí á sáré jáde lọ, tí á sì padà wá pẹ̀lú òógùn láti bẹ̀bẹ̀. Wọn ò dẹ́kun sísọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú àgbọ̀n ẹni tó wà níwájú rẹ̀, á yí ojú ẹni náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, á dúró títí tí ojú wọn fi máa ṣe mẹ́rin, kó tó wá sọ tirẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é fún bàbá rẹ̀ ló ń ṣe é fún ìyá rẹ̀, fún Àǹtí, fún àwọn oníbàárà ìyá ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.